Ṣòkòtò Àgbàbọ̀

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, irú àwọn aláṣọ méjì ni yóò bá pàdé. Àwọn kìíní ń ta òkìrìkà. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ṣà á yóò wọ ṣòkòtò rẹ̀ lọ sí ilé ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn kejì jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tí ó bá tọ̀ wọ́n lọ yóò jẹ́ kí wọ́n wọn òun, yóò ṣe sùúrù, yóò sì gbọ́ "ẹ padà wá lọ́la" ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tí ń jà lórí èyí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni kìíní àti ohun tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni kejì. N kò sì tíì rí ẹni tí ó ra òkìrìkà tí ó wá ń kéde kiri pé òun ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Ṣùgbọ́n ní òde òní, ọjà kan wà tí a ti ń ta òkìrìkà fún àwọn ọmọ wa, tí a sì ń fi ìwé ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́ pé wọ́n ti di aránṣọ. Ọjà náà ni ti kíkọ́ iṣẹ́ ojú òpó ayélujára. Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ nìyí: wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìrọ̀rùn, wọn kò kọ́ ọ ní iṣẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ó kan èdè wa, ó sì kan oúnjẹ àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nǹkan mẹ́ta ni ó wà ní ìpìlẹ̀ ojú òpó ayélujára. HTML ni ó ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. CSS ni ó ń wọ aṣọ fún un. JavaScript ni ó ń mú kí ó dáhùn nígbà tí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa lè kọ́ ojú ewé láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba àkókò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì máa ń tún ṣe láti ojú òpó kan dé òmíràn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kan ṣe to apá tí a máa ń tún ṣe yìí pọ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè kàn gbé e, kí ó sì fi ẹran tirẹ̀ bò ó. Ohun yìí ni wọ́n ń pè ní framework. Èmi yóò máa pè é ní egungun àtòsílẹ̀, tàbí egungun lásán bí ọ̀rọ̀ bá gùn. Rails jáde ní 2004, Django ní 2005, Laravel ní 2011. React, tí ó ti ilé iṣẹ́ Facebook wá, di ti gbogbo ayé ní 2013. Vue tẹ̀lé e ní 2014. Ṣáájú gbogbo wọn ni WordPress ti dé ní 2003, èyí tí ẹni tí kò mọ HTML rárá fi lè ní ojú òpó tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: èmi kò bá egungun àtòsílẹ̀ jà. Ẹni tí ń kọ́lé kì í jókòó ti iná kí ó máa rọ irin tí yóò fi ṣe òpó, kì í sì wa ilẹ̀ láti wá sìmẹ́ńtì. Àwọn egungun tí ó dára ti dí ọ̀pọ̀ ihò tí olè ń gbà wọ ojú òpó, ihò tí ọ̀dọ́ tí ń dá iṣẹ́ ṣe ì bá má rántí láé. Ìrọ̀rùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni iye tí a óò san lórí ìrọ̀rùn náà, ọjọ́ tí wọn yóò wá gba owó náà, àti ẹni tí yóò san án.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pinnu láti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sórí ayélujára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ ni ó bá wa ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ méjì péré ni ó fi kọ́ ojú òpó wa. Ẹnu yà wá, a sì yìn ín. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ni ojú wa tó là. Egungun tí ó lò máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé rẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, a máa bọ́ gbogbo àmì tí kò bá sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì dànù. Oko tí a ń ro ni ó kọ́kọ́ wọlé, ó sì ń jẹ́ oko. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó dé tẹ̀lé e, ó di oko-2. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko di oko-3. Ọkọ̀ tí a ń wọ̀ di oko-4, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù di oko-5. Egúngún tí ń ti ìgbàlẹ̀ jáde àti egungun tí ajá ń jẹ wá di ọmọ ìyá kan náà.

Mo pe ọmọ náà. "Ẹ má bínú, sà," ni ó wí, "bí framework yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo bi í pé ta ni ó ní kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀. Mo bi í pé níbo nínú rẹ̀ ni a ti lè yí i padà. Kò mọ̀. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀; orí rẹ̀ pé ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ lọ. Ohun tí wọn kò fi hàn án ni kò mọ̀. Wọ́n fi ilẹ̀kùn iwájú hàn án, wọn kò mú un dé ẹ̀yìnkùlé.

Gbólóhùn tí ó sọ yẹn kò tán ní ọkàn mi. Oníṣẹ́ tí ó bá ń sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pé bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ayálégbé ni nínú iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ti rí irú rẹ̀ tipẹ́, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu.

Kí ló dé tí ṣòkòtò yìí fi fún èdè Yorùbá lẹ́sẹ̀ ju bí ó ti fún Gẹ̀ẹ́sì lọ? Àgbà tí mo dà yìí, mo jókòó kọ́ ohun tí ó fà á. Nínú ètò Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ọ àti ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a gbọ́dọ̀ so pọ̀. Ẹnìkan lè kọ́kọ́ tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e lórí; ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni ojú wa yóò rí. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àfi bí a bá pàṣẹ fún un pé kí ó mú wọn bára dọ́gba. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kiri lè máà rí i bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Egungun tí àwọn tí ó tò ó kò ro ti èdè olóhùn mọ́ ọn yóò máa wo àmì wa bí ìdọ̀tí tí a ń gbá dànù. Ẹni tí ó mọ ìpìlẹ̀ nìkan ni ó lè dá a dúró.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀dùn ọkàn olùkọ́ èdè lásán ni èyí. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹlẹ́rìí méjì láti Àpápá, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́, tí kò sí èyí tí ó gbọ́ Yorùbá nínú wọn.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni ojú irin. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni àyè tí wọ́n fi sí àárín irin méjèèjì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 1,067. Ní ìlú tiwọn, mìlímítà 1,435 ni. Tiwa ṣe tóóró nítorí pé tóóró dínwó, ó sì tètè ṣe é là. Nígbà tí wọ́n wá la ti Baro sí Kano láàárín 1907 sí 1911, ìwọ̀n tóóró yìí náà ni wọ́n tún lò, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú irin méjì pàdé kò ní ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀rùn ọjọ́ kan ṣe di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a fẹ́ ojú irin fífẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọdún 125 ti kọjá, síbẹ̀ ti àtijọ́ kò ṣe é sọ di fífẹ̀. Ńṣe ni a yá owó lọ́wọ́ China, tí a la òmíràn, tí a sì tún la ẹ̀ka tirẹ̀ wọ èbúté Àpápá. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Àwọn tí wọ́n yan tóóró ní 1896 ti kú tipẹ́. Àwa ni a ń san owó náà.

Ẹlẹ́rìí kejì ni kọ̀ntẹ́nà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal X ti Malcom McLean, ọmọ Amẹ́ríkà, kó àpótí irin 58 láti Newark lọ sí Houston. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀: ti ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 35, ti òmíràn jẹ́ 24. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fẹnu kò sí ìwọ̀n kan lábẹ́ àjọ ISO, McLean sì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí bí a ṣe ń de igun àpótí náà mọ́lẹ̀ láìgba owó. Nítorí èyí ni àpótí ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40 tí ó bá gúnlẹ̀ sí Àpápá lónìí ṣe lè ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sórí tírélà, kí ó sì ti orí tírélà bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin, láìbéèrè orúkọ ẹni tí ó ni èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí ó ni ẹrù kò di ẹrú ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ìrọ̀rùn ni kọ̀ntẹ́nà náà, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn tí ó dúró lórí ìwọ̀n tí gbogbo ayé jọ ni.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹlẹ́rìí méjèèjì ni gbogbo ohun tí mo ń sọ. HTML jọ ìwọ̀n kọ̀ntẹ́nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN, níbi tí Tim Berners-Lee ti dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kéde pé ó di ti gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ewé tí a bá fi HTML lásán kọ ní 1995 ṣì ń ṣí lónìí. Ta ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa egungun àtòsílẹ̀? AngularJS ti ilé iṣẹ́ Google jáde ní 2010, àwọn ènìyàn sì rọ́ tọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Angular tuntun dé, tí ó yàtọ̀ sí ti àtijọ́ débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá a lọ ní láti tún ilé rẹ̀ kọ́. Nígbà tí 2021 parí, ìtọ́jú ti àtijọ́ dópin. Ẹ̀dà kejì Vue náà gba ìfẹ̀yìntì ní ìparí 2023. Flash, tí ó ti jọba rí, kú ní ìparí 2020, ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ṣe sì bá a wọ sàréè. N kò pe èyí ní ìwà burúkú. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ń pinnu ìgbà tí òun yóò wó o láti tún un kọ́. Ayálégbé ni yóò kó ẹrù síta.

Báwo ni a ṣe wá ń yan egungun? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó yẹ kí a bi èyíkéyìí nínú wọn. Èkíní: lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò, kí ni n ó lè kó jáde? Ẹni tí ó bá lo WordPress lè kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ogún àfikún tí ogún ènìyàn kọ kún un, ogún onílé ni ó ní. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ wà tí ń báni kọ́ ojú òpó lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì sí ọ̀nà láti gbé ojú òpó náà lọ sí ibòmíràn. Ìyẹn kì í ṣe ilé, yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni. Èkejì: bí ohun kan kò bá bá mi mu, ṣé ilẹ̀kùn wà tí mo lè gbà yí i padà? Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.9 ti Django ti jáde ní 2015 ni ó ti ṣe é ṣe kí ènìyàn ní kí ó fi lẹ́tà tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nínú àdírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan ni ènìyàn yóò fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè, bíbọ́ náà ni yóò bá. Ẹ̀kẹta: bí àwọn tí ó tò ó bá dẹ́kun lọ́la, ṣé mo lè máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ̀kẹta yìí ni ó dé orí ọ̀ràn. Gbogbo àwọn egungun ńlá tí mo dárúkọ ni ìwé wọn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, láti Rails títí dé Vue. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tì. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí a kò kọ́ ní ìwé kíkà? Ọmọ tí ó bá mọ JavaScript lè kúrò nínú React bọ́ sínú Vue láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ React nìkan, ọjọ́ tí React bá yí ojú padà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọtọ́ wa fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀. Ó ṣe é tún ṣe nítorí pé àwọn tí ó mọ ìpìlẹ̀ èdè náà wà nílẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn olóṣù mẹ́ta yóò fún mi. Wọn yóò ní Dókítà jókòó sí yunifásítì, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, kò mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn yóò ní ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù kò lè jókòó kọ́ ìpìlẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fojú tín-ínrín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Olówó ni ó lè fara da àtúnkọ́. Bí egungun rẹ̀ bá kú, yóò pe ẹlòmíràn, yóò sì sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tálákà tí ó fi gbogbo owó ìyá rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìmọ̀ náà jẹ́ èyí tí yóò gbó láàárín ọdún márùn-ún. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sì sí ẹni tí ìrì ń pa bí ẹni tí kò ní ilé mìíràn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìpìlẹ̀ ni ó rọ̀ jù lọ láti kọ́ ní àdúgbò tí iná kò dúró. HTML, CSS àti JavaScript kò béèrè ju kọ̀ǹpútà àgbàlódè kan àti ètò tí a fi ń wo ayélujára lọ. A lè kọ́ wọn láìra dátà. Egungun ni ó máa ń ní kí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wálẹ̀ kí ó tó dìde. Bí oṣù mẹ́ta bá ni gbogbo ohun tí a ní, ẹ fi oṣù méjì kọ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀kẹta gbé egungun lé e. Aránṣọ kò ha mọ èyí bí? Ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò di bọ́tìnnì, yóò mọ bí a ṣe ń wọn ènìyàn àti bí a ṣe ń gé aṣọ, kí a tó ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún un. Kò sí ọ̀gá tí ó lójú àánú tí yóò sọ ọmọ di òmìnira ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ tẹ ẹ̀rọ.

N kò sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rere níbẹ̀. Ní nǹkan bí 2007 ni ètò Ajegunle.org ti Paradigm Initiative bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà la ọ̀nà fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ Ajégúnlẹ̀ ju ibi bọ́ọ̀lù àti orin lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dé lẹ́yìn, tí wọ́n rí i pé owó wà níbẹ̀, ni mo ń bá wí. Mo sì ń bá àwa náà wí, àwa olùkọ́ Yorùbá. Ọdún mélòó ni a fi jókòó tí a ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà kò mọ àmì ohùn, láìpe ẹyọ ọmọ kan tí ń kọ́ iṣẹ́ náà láti fi ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ hàn án? Ẹni tí ó to egungun náà kò gbọ́ Yorùbá, a kò lè dá a lẹ́bi. Àwa gbọ́ ọ, a sì dákẹ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ó ti pa iṣẹ́ kékeré tì, ó ń kọ́ ìpìlẹ̀ lálẹ́ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣí inú egungun náà níwájú mi, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan, ó ní, "Ibí yìí ni, sà." Kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ. Ó yí i padà, ó fi òmíràn kún un kí àwọn àmì lè bára dọ́gba, ó sì ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Mo tẹ ọkọ̀. Ọkọ̀ ni ó dé.